Johnston Canyon nígbà òtútù: ẹ má làágùn

Calgary ni mo ń gbé. Gbogbo ẹbí tó bá wá kí mi nígbà òtútù ló máa ń béèrè ibi tí àwọn lè lọ wo yìnyín láìsí wàhálà. Johnston Canyon ni mo máa ń mú wọn lọ, àfonífojì tóóró tí odò gba inú rẹ̀, tí omi sì ń já láti orí àpáta, nínú páàkì orílẹ̀-èdè Banff tí ìjọba Kánádà ti dá sílẹ̀ láti 1885. Láti ilé mi, bíi wákàtí kan àtààbọ̀ ni nínú ọkọ̀.

Ẹ ti sanwó fún amọ̀nà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó gbéra. Ẹ bi wọ́n bóyá owó wíwọ páàkì wà nínú rẹ̀, àti bóyá wọ́n á fún yín ní irin eléyín tí wọ́n ń so mọ́ abẹ́ bàtà. Ẹ má dá ẹni tó bá sọ pé bàtà tó dáa ti tó lóhùn. Ẹsẹ̀ èrò ti tẹ yìnyín ọ̀nà yẹn títí ó fi ń dán gbinrin.

Ọ̀rọ̀ aṣọ gan-an ni kí ẹ fetí sí. Òtútù fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń ba ìrìn yìí jẹ́, òógùn ni. Àlejò á kó gbogbo ohun tó wà nínú báàgì wọ̀, á gun òkè díẹ̀, ara á gbóná, òógùn á bò ó. Tó bá wá dúró wo omi, òógùn ọ̀hún á di tútù sí i lára, ó di kí eyín máa gbá eyín. Nítorí náà, ẹ̀wù fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi irun àgùntàn tàbí polyester ṣe ni kó kan ara, kì í ṣe olówù, torí òwú a máa mu omi, kì í sì í tètè gbẹ. Jíìnsì náà, òwú ni. Ẹ wọ súwẹ́tà lé e, kí jákẹ́ẹ̀tì tí atẹ́gùn ò lè gba inú rẹ̀ kọjá wà lókè pátápátá. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra, ó yẹ kí òtútù ṣì mú yín díẹ̀. Bí abẹ́ apá bá ti ń gbóná, ẹ tú síìpù.

Ìbọ̀sẹ̀ kan tó nípọn ti tó. Àǹtí mi fi dandan lé e, wọ́n wọ mẹ́ta. Bàtà há mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò rọ́nà gbà, ọmọ ìka wọn sì ti kú tipiri kí a tó débì kan. Ẹ fi fóònù sí àpò inú, òtútù a máa pa bátìrì. Ẹ dorí ìgò omi kodò nínú báàgì, torí òkè ni omi ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dì, ẹnu ìgò ò sì ní dí.

Ìrìn náà ò le. Ó lé díẹ̀ ní kìlómítà kan dé ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ omi ìsàlẹ̀, bíi 2.5 dé ti òkè. Láwọn ibì kan, afárá irin tí wọ́n kàn mọ́ ara àpáta lẹ ó máa gbà, odò á wà nísàlẹ̀ yín. Ní ti ìsàlẹ̀, ihò kékeré kan wà nínú àpáta tí ẹ ó bẹ̀rẹ̀ wọ̀ láti rí omi náà nítòsí. Ti òkè ló máa ń dì di ògiri, àwọn kan á sì máa fi àáké gùn ún.

Àmọ́ ẹyẹ kan ni mo máa ń wá ní tèmi. Dipper lorúkọ rẹ̀, ó kéré, ó dúdú bí eérú. Á dúró létí omi dídì, á máa tẹ orúnkún wìrìwìrì, lójijì á kó sínú omi tútù yẹn, á máa wá kòkòrò jẹ nísàlẹ̀ odò. Ẹ bẹ amọ̀nà kó jẹ́ kí ẹ dúró wò ó dáadáa. Ẹyẹ mìíràn á wá tọrọ oúnjẹ lọ́wọ́ yín. Ẹ má fún un, òfin ò gbà á. Bí ẹ bá rí elk, ẹranko ńlá tó jọ àgbọ̀nrín, ẹ fi mítà 30 sílẹ̀ láàárín yín.

Bí ẹ bá ń bọ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra jù, torí ìdàgẹ̀rẹ̀ ló ń yọ̀ jù. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúkúrú, kí àtẹ́lẹsẹ̀ balẹ̀ pẹrẹsẹ, kí ọwọ́ kan wà lára irin ìdìmú ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ẹ sì bọ́ irin eléyín yẹn kí ẹ tó wọ ọkọ̀ mi, ẹ jọ̀ọ́, ó ti lu kápẹ́ẹ̀tì iwájú.