Kí Ẹ Tó Ra Tábúlẹ́ẹ̀tì Olówó Gọbọi fún Iṣẹ́ Oko

Tábúlẹ́ẹ̀tì ti wọ oko kòkó. Ní 2023, Yúróòpù ṣòfin pé ẹni tó bá ń kó kòkó wọ ọ̀dọ̀ àwọn gbọ́dọ̀ fi ibi tí oko wà gan-an hàn. Oko tó bá ju hẹ́kítà 4 lọ, a ní láti ya ààlà rẹ̀ yípo. Fóònù àti tábúlẹ́ẹ̀tì la fi ń ṣe é, ìbéèrè táwọn àgbẹ̀ wá ń bi wá ni pé: ṣé èyí tó wọ́n jù ló máa pẹ́ jù?

Rárá o. Ẹwà àti fífẹ́lẹ́ ni owó ńlá sábà máa ń rà. iPad Pro oní-íńṣì 13 tí iléeṣẹ́ Apple gbé jáde ní 2024 nípọn tó mìlímítà 5.1 péré, kò tó pẹ́ńsù ìkọ̀wé. Alumíníọ̀mù ni ara rẹ̀, ó sì dára, àmọ́ ohun tó fẹ̀ tó tún fẹ́lẹ́ kì í fẹ́ kí wọ́n tẹ òun láàárín. Ti 2018, tó nípọn tó 5.9, àwọn olùrà kan ní tiwọn ti tẹ̀ díẹ̀ látinú páálí. Apple fèsì pé títẹ̀ tí kò bá ju mìlímítà 0.4 lọ kò burú.

Nítorí náà, ẹ ṣe bíi káfíńtà tó ń wo pákó. Ẹ gbé e sókè, ẹ di ojú kan, kí ẹ wo etí rẹ̀ lọ gbọọrọ. Lẹ́yìn náà, ẹ dà á dé sórí gíláàsì káńtà, kí ẹ fi ìka tẹ igun kọ̀ọ̀kan. Bó bá ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, ẹ dá a padà.

Ẹ béèrè nọ́ńbà IP, ìyẹn nọ́ńbà méjì tó ń sọ bó ṣe lè dènà eruku àti omi tó. Ti àkọ́kọ́ wà fún eruku, ìkejì fún omi. Samsung Galaxy Tab S9 ní IP68. iPad kò ní ìkankan. Síbẹ̀, omi lásán ni wọ́n fi ń dán àwọn tó ní IP68 wò, kì í ṣe omi ọṣẹ tàbí oògùn apakòkòrò. Galaxy Tab Active5 náà ní IP68, a sì lè yọ bátìrì rẹ̀. Kò rẹwà, ó ki, àmọ́ tó bá jẹ́ owó mi ni, òun ni mo máa gbé lọ sóko.

Yanrìn le ju gíláàsì lọ. Ẹni tó bá fi etí bùbá nu ojú tábúlẹ́ẹ̀tì lásìkò ọyẹ́, ó ń fi yanrìn ha á ni. Ìlà kan wà lójú tèmi láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì mọ ẹni tó fà á. Ẹ kọ́kọ́ fẹ́ eruku náà dànù, kí ẹ tó fi aṣọ múlọ́múlọ́ tó tutù díẹ̀ nù ún.

Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò lọ́sàn-án gangan. Ooru ń ba bátìrì jẹ́. Bí gíláàsì bá ń ṣí létí bíi ẹni pé nǹkan ń wú lábẹ́ rẹ̀, bátìrì ti wú nìyẹn: ẹ má ṣe ṣáàjì rẹ̀ mọ́, ẹ má gún un, ẹ má tẹ̀ ẹ́ padà. Ẹ gbé e jìnnà síná, kí ẹ pe ẹni tó ń tún un ṣe.

Lórí ọ̀kadà, ẹ má kó o sínú àpò kan náà pẹ̀lú àdá. Bó bá ṣubú sómi, ẹ pa á, ẹ dojú ihò ṣáájà rẹ̀ délẹ̀, kí ẹ fi síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́. Ẹ má rì í sínú ìrẹsì; ẹ jẹ́ kí ìrẹsì wà nínú ìkòkò.