Oyin fún egbò, òrí àti ìda fún àwọ̀ tó ti bò

Bó bá jẹ́ egbò la fẹ́ fi oyin tọ́jú, kò gbọdọ̀ rí iná. Ọ̀pọ̀ ló máa ń da oyin, òrí àti ìda pọ̀ sínú ìkòkò kan, kí wọ́n tó gbé e kaná. Èmi yà wọ́n sọ́tọ̀ nígbà tí mo tọ́jú orúnkún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, torí iṣẹ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Orí ọ̀kadà ló ti já bọ́ ní Òkè-Baálẹ̀ níbí l'Óṣogbo. Orúnkún rẹ̀ bó, àmọ́ kò jìn. Wọ́n ti fún ewé Akíntọ́lá sí i kó tó délé. Ewé yẹn ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n já lẹ́bàá títì máa ń gbé eruku wọ ojú egbò. Ilé ìwòsàn la kọ́kọ́ lọ. Nọ́ọ̀sì fọ iyanrìn kúrò, wọ́n sì gún un lábẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Oyin kò lè rọ́pò abẹ́rẹ́ yẹn láé.

Oyin egbò, ìyẹn oyin tí wọ́n ti pa kòkòrò àrùn inú rẹ̀ kí a lè fi tọ́jú egbò, ni mo ní kí ilé oògùn bá mi wá, n kò lo ti ọjà. Kòkòrò àrùn kan lè sùn sínú oyin lásán láìkú. Ìtànṣán gámà, ìtànṣán alágbára tí ojú kò lè rí, ni wọ́n fi ń pa á nínú oyin egbò, kì í ṣe iná, torí iná máa ń ba èròjà tí kòkòrò oyin fi sínú rẹ̀ jẹ́. Èròjà yìí ló ń mú hydrogen peroxide, èròjà tó ń pa kòkòrò àrùn, jáde díẹ̀díẹ̀ bí omi ara bá là á. Yàtọ̀ síyẹn, ṣúgà inú oyin ń fa omi kúrò lára àwọn kòkòrò àrùn. Ní 2007, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí irú oyin bẹ́ẹ̀ fún egbò.

Mo fọwọ́, mo fi omi iyọ̀ tí mo ti sè tó sì ti tutù ṣan egbò náà. Orí gọ́ọ̀sì ni mo ra oyin sí. Mo fi gọ́ọ̀sì gbígbẹ bò ó, mo sì wé e.

"Àǹtí, ó ń ta mí o!"

Ó máa ń ta díẹ̀, torí oyin ní èròjà kíkan nínú. Omi tún yọ gan-an níbẹ̀rẹ̀, tí mo fi ń pààrọ̀ gọ́ọ̀sì kíákíá. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn, omi iyọ̀ ni kí ẹ fi rin ín, ẹ má fà á. Bí egbò bá ń rùn, tí pupa ń ràn, tí ibà dé, tàbí tí ẹni náà ní àtọ̀gbẹ, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ìgbà tí àwọ̀ tuntun bò ó tán ni mo tó ṣe ìpara: ìda ṣíbí kan, òrí ṣíbí mẹ́rin, tí mo rà lọ́jà Ọba. Mo gbé abọ́ ìda sínú omi gbígbóná. Ó ń yọ́ ní nǹkan bí 63°C. Mo fi aṣọ funfun sẹ́ ìdọ̀tí kúrò, mo fi òrí sí i, mo sì rò ó títí ó fi yọ́. Lẹ́yìn náà mo gbé abọ́ náà sínú omi tútù, mo ń rò ó lọ, torí òrí tó bá tutù jẹ́jẹ́ á ṣe hóró-hóró. Kò pa àpá rẹ́ o, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí àwọ̀ náà gbẹ kó sì là. Ẹ̀gbọ́n mi ti gba ìyókù, wọ́n ń fi pa gìgísẹ̀ wọn.