Àṣìṣe Tó Ń Kó Olùtajà Orí Ayélujára sí Gbèsè Bó Bá Gbé Ọjà Rẹ̀ Dé Òkè Òkun

Ẹni tó ń ta àdìrẹ Ìtokú lórí Instagram láti Abẹ́òkúta kì í pẹ́ rí oníbàárà ní London tàbí Houston. Àwọn ènìyàn wa pọ̀ níbẹ̀, wọ́n fẹ́ràn ọjà ilé, pọ́n-ùn àti dọ́là ni wọ́n sì ń ná. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n rò pé kò yàtọ̀ sí fífi ẹrù ránṣẹ́ láti Ìbàdàn sí Kánò, àfi pé ọ̀nà jìn díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ibodè wà láàárín.

Èyí tó burú jù lójú mi ni kí olùtajà dákẹ́ lórí owó ibodè. Á kọ iye ọjà, á kọ owó ọkọ̀, á gbowó, á fi ọjà ránṣẹ́. Ìgbà tí ẹrù bá débẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó gbé e á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí oníbàárà pé kó san owó-orí àti owó iṣẹ́ tiwọn kó tó gba ẹrù rẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ nípa owó yìí rí á bínú. Ẹlòmíràn á tilẹ̀ rò pé gbájúẹ̀ ló fẹ́ lu òun. Bó bá kọ̀ tí kò san, ẹrù á padà wá, ẹ̀yin lẹ ó sì san owó ọkọ̀ tó dá a padà, tàbí kí wọ́n kúkú dà á nù síbẹ̀.

Ní Ìlú Ọba, láti oṣù Kìíní ọdún 2021, bí ọjà tí ẹ fi ránṣẹ́ láti òkèèrè kò bá ju 135 pọ́n-ùn lọ, ẹ̀yin tí ẹ tà á lẹ gbọ́dọ̀ gba VAT, ìyẹn owó-orí ọjà, lọ́wọ́ oníbàárà nígbà tó ń rajà, kí ẹ sì san án fún ìjọba wọn. Ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni lórí ọ̀pọ̀ ọjà. Ẹ má sọ pé ọjà yín kéré jù láti forúkọ sílẹ̀ fún VAT, nítorí iye tí olùtajà ibẹ̀ lè tà kó tó forúkọ sílẹ̀ kò kan ẹni tí kò ní ilé-iṣẹ́ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ orí Amazon tàbí eBay lẹ ti tà á, àwọn ló ń gba VAT yẹn. Ọjà tó bá ju 135 pọ́n-ùn lọ, ẹnu ibodè ni wọ́n ti ń san tirẹ̀, owó ibodè sì lè tún wà lórí rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ọjà tí kò ju 800 dọ́là lọ máa ń wọlé tẹ́lẹ̀ láìsan owó ibodè. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2025 ni wọ́n dá àǹfààní yẹn dúró fún gbogbo orílẹ̀-èdè, síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń fi 800 dọ́là yẹn gba ara wọn nímọ̀ràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbọ́ tiwọn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ẹrù bóyá wọ́n lè gba owó ibodè lọ́wọ́ yín ṣáájú, kí ẹ fi kún iye ọjà, kí oníbàárà san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ má sì kọ ọ́ sára ọjà pé ẹ̀bùn ni. Ìlú Ọba gbà kí ẹ̀bùn tí kò ju 39 pọ́n-ùn lọ wọlé láìsan VAT, àmọ́ èyí tí ènìyàn fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ ni wọ́n ń sọ. Irọ́ ni tiyín, wọ́n sì lè gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù náà. Bó bá tún sọnù, ẹni tó kọ 10 dọ́là sára agbádá aṣọ òkè kò lẹ́nu láti béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ́tò gèlè, ìyẹn gèlè tí wọ́n ti wé sílẹ̀, kò wúwo, ṣùgbọ́n páálí rẹ̀ tóbi. DHL àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn máa ń fi gígùn, ìbú àti gíga páálí ní sẹ̀ǹtímítà sọ ara wọn di púpọ̀, wọ́n á pín in sí 5,000, wọ́n á wá gbowó lé èyí tó bá pọ̀ jù láàárín ìyẹn àti ohun tí òṣùwọ̀n sọ. Páálí tó jẹ́ 50, 40 àti 30 jẹ́ kílò 12 lójú wọn, kódà bí ohun inú rẹ̀ kò bá ju kílò 3 lọ.

Ọṣẹ dúdú àti òrí ńkọ́? Pé ìyá wa ń lò ó tipẹ́ kò tán ọ̀rọ̀. Òfin Ìlú Ọba kà wọ́n mọ́ ohun ìṣaralóge: ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tó ń dúró fún un lábẹ́ òfin, onímọ̀ gbọ́dọ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò pé kò léwu, kí ìjọba sì ti gbọ́ nípa rẹ̀ kó tó dé ọjà. Nọ́ńbà NAFDAC kò rọ́pò èyí. Ẹni tó fẹ́ ta oúnjẹ náà, kó rántí pé European Union fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà ní oṣù Kẹfà ọdún 2015, nítorí oògùn kòkòrò dichlorvos tí wọ́n bá nínú rẹ̀.

Ẹ má ṣèlérí ọjọ́ tí ẹ kò lágbára lé lórí. Aṣọ ẹbí tó dé lẹ́yìn ìnáwó ti di ẹrù lásán, ẹ ó sì dá owó padà.

Bákan náà, "a kì í gba ọjà padà" tí ẹ kọ sórí ìkànnì kò lè borí òfin Ìlú Ọba, tó fún ẹni tó rajà lórí ayélujára ní ọjọ́ 14 lẹ́yìn tí ọjà bá dé láti yí ọkàn padà. Aṣọ tí ẹ rán sí ìwọ̀n ara oníbàárà nìkan kò sí lára rẹ̀. Èyí tí ẹ rán sílẹ̀ fún títà wà níbẹ̀. Aṣọ obìnrin nọ́ńbà 12 ti Ìlú Ọba sì ni 8 ti Amẹ́ríkà, nítorí náà ẹ kọ ìwọ̀n àyà, ìbàdí àti gígùn sílẹ̀ ní ínǹṣì. Kí ẹ tó ta ẹyọ kan, ẹ wá ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ kan níbẹ̀ tí wọ́n lè dá ọjà padà sí, tó lè tún un tà síbẹ̀, kí aṣọ má baà padà kọjá òkun.