Bí a ṣe gbé ẹ̀rọ BP tọ àwọn ìyá tó ń yan gàrí lọ

Owó díẹ̀ ṣẹ́kù lápò régbérégbé wa, ìyẹn ẹgbẹ́ àwa tá a jọ jẹ́ ojúgbà, lẹ́yìn ọdún Ojúde Ọba. Mo bẹ ẹgbẹ́ pé ká fi ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo BP, ìyẹn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ru sí lára, ká gbé e lọ bá àwọn ìyá tó ń yan gàrí ní abúlé ìyá mi, lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára ni. Ìdí agbada ni àbúrò ìyá mi wà láàárọ̀ ọjọ́ tí apá ọ̀tún rẹ̀ kọ̀ tí kò gbé mọ́. Ẹnikẹ́ni ò wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún un rí títí dọjọ́ náà.

Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ò jìnnà sí wọn. Àmọ́ gàrí tó ti kan, tí jáàkì ti fún gbẹ, kò ṣeé fi sílẹ̀ dọ̀la. Ẹni tó bá lọ tò fún nọ́ọ̀sì láàárọ̀ ti pàdánù oúnjẹ ọjọ́ yẹn. Àwa ló yẹ ká tọ̀ wọ́n lọ.

A débẹ̀ ní aago mẹ́wàá. Bá a ṣe ń pè wọ́n ni wọ́n ń dìde nídìí iná, òógùn lójú, èéfín lára aṣọ, tí wọ́n ń na apá sí wa. Nínú mọ́kànlá àkọ́kọ́, mẹ́sàn-án ló kọjá 140 lórí 90, ibi tí wọ́n ti ń pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀rù bà mí. Nọ́ọ̀sì tó wà nínú ẹgbẹ́ wa ló ní ká dúró. Ó bi ìyá tó jókòó síwájú rẹ̀ pé, “Ìyá, kí lẹ ń jẹ lẹ́nu?”

“Obì ni, ọmọ mi. Òun ni kì í jẹ́ kí oorun kùn mí.”

Ohun tó wà nínú kọfí tó ń lé oorun lọ náà ló wà nínú obì, ó sì ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ru sókè fúngbà díẹ̀. Ìyẹn nìkan kọ́. Aṣọ ẹ̀rọ tá a rà, èyí tí wọ́n ń wé mọ́ apá, kéré fún apá wọn. Apá tó ti ń yí gàrí láti ogún ọdún kì í ṣe apá tẹ́ẹ́rẹ́, bí aṣọ ẹ̀rọ bá sì há mọ́ apá, iye tó máa gbé jáde á ju bó ṣe yẹ lọ. Iṣẹ́ òwúrọ̀ wa ti dòfo.

Lọ́jọ́ karùn-ún a padà lọ, a ti ra aṣọ ẹ̀rọ tó fẹ̀. Ìdajì wákàtí ṣáájú la sọ fún wọn pé kí wọ́n má fẹnu kan obì. A gbé àga onífẹ̀yìntì sábẹ́ igi máńgòrò, jìnnà sí iná. Ìyá kọ̀ọ̀kan á lọ tọ̀, á jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìsọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, apá lórí tábìlì ní ọ̀gangan àyà. Ẹ̀ẹ̀mejì la ń wọn ọ́n. Ìyá tó ní 172 lórí 104 lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ti bọ́ sí 136 lórí 84.

Àmọ́ ti àwọn mẹ́rin ò wálẹ̀, kò sì wálẹ̀ nígbà tá a lọ lẹ́ẹ̀kẹta. Mẹ́ta gbà láti bá wa lọ sí ilé ìwòsàn. Ìkẹrin kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun gbọ́ pé tí èèyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ oògùn yẹn, kò gbọdọ̀ dá a dúró mọ́.

Àbúrò ìyá mi ló dá a lóhùn. Ó fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé itan, ó ní, “Gàrí tí ò ń yan látọjọ́ yìí ńkọ́, o ti dá a dúró? Wo ọwọ́ yìí. Èmi ò rí ẹni tó máa sọ fún mi.”

Ìyá náà ò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó wa iná kúrò lábẹ́ agbada, ó bu omi ṣan ojú, ó wá bi mí bóyá àyè ṣì wà nínú mọ́tò.

Ní báyìí, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní girama ló ń bá wa wọn BP lọ́jọ́ ọjà. Ó ní ìwé kan tó ń kọ ọ́ sí, àti ìlà kan níbẹ̀ tó fi ń bi oníkálukú bóyá ó lo oògùn lánàá.