Ẹ̀rọ Gàrí Ìtòsí Yín ni Kí Ẹ Fi Múra fún Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò Iṣẹ́ Ẹnjiníà

Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jókòó síwájú àwọn tó fẹ́ gba ènìyàn síṣẹ́ ẹnjiníà, ọ̀kan nínú wọn gbé ọ̀pá irin kan tó ti ṣẹ́ sí méjì lé orí tábìlì, ó ní kí n sọ ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ àti ohun tó fà á. Mo ti há oríṣiríṣi ìlànà ìṣirò sórí ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó gbà mí, nítorí n kò tíì fara balẹ̀ wo ojú ibi tí irin ti ṣẹ́ rí. Wọn kò gbà mí síṣẹ́ náà.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo wá mọ̀ pé ọ̀pá yẹn ń sọ ìtàn ara rẹ̀ fún ẹni tó bá lè kà á. Apá kan ojú ibi tó ṣẹ́ ń dán, àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó tẹ̀ bí ọrun sì wà lára rẹ̀. Apá kejì rí ṣákiṣàki. Bí ẹ bá tẹ̀lé àwọn ìlà náà padà sẹ́yìn, ẹ óò dé igun ojú ihò tóóró tí wọ́n gbẹ́ sára ọ̀pá láti fi irin kékeré dè é mọ́ pulley, ìyẹn kẹ̀kẹ́ tí bẹ́líìtì ń gba orí rẹ̀ yí. Igun tó mú bẹ́ẹ̀ máa ń kó ìnira jọ sójú kan. Bí ọ̀pá ṣe ń yí, tí ẹrù ń tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún láìmọye ìgbà, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í là díẹ̀díẹ̀ láti ibẹ̀. Apá tó ń dán ni ibi tó ti ń là fún ìgbà pípẹ́, apá tó rí ṣákiṣàki sì ni ibi tó já lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí ìwọ̀nba tó kù kò lè gbé ẹrù náà mọ́. Àárẹ̀ irin ni. Ọ̀nà láti dènà rẹ̀ ni kí a sọ igun yẹn di ohun tó rọ́ǹdò díẹ̀, kí a dán ojú irin náà, kí a sì rí i pé pulley méjèèjì wà lórí ìlà kan ṣoṣo.

Èmi náà ti wá jókòó sí ìhà kejì tábìlì báyìí, mo sì ń rí àwọn ọmọ wa láti ilẹ̀ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogi, tí èsì ìdánwò wọn dára gan-an, tí wọ́n ń kùnà níbi tí èmi náà ti kùnà. Kì í ṣe pé wọn kò kàwé. Ohun tí a máa ń wá lẹ́nu wọn ni bí wọ́n ṣe ń ronú lórí ẹ̀rọ tó wà níwájú wọn, ìwé nìkan kò sì lè kọ́ ènìyàn ní èyí. Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi kò pọ̀: ẹ mú ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó wà ní ìtòsí yín, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè títí tí kò fi ní sí ohun tó fi pamọ́ fún yín mọ́.

Láti Kàbbà títí dé Ìsánlú, ó ṣòro kí ènìyàn dé àdúgbò kan kí ó má gbọ́ ìró ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ gbágùúdá. Ẹ lọ síbẹ̀. Ẹ kí ìyá tó ni ín bó ṣe yẹ, ẹ sọ ohun tí ẹ bá wá fún un, kí ẹ sì dúró títí tí iṣẹ́ yóò fi dá kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ mú téèpù ìwọnnǹkan àti ìwé dání. Ká ní ẹ́ńjìnnì náà ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, tí pulley tirẹ̀ fẹ̀ ní 80 mílímítà, tí pulley orí ìlù tó ń lọ gbágùúdá sì fẹ̀ ní 200 mílímítà. Ìlù náà yóò máa yí ní ìgbà 1,200 ní ìṣẹ́jú kan. Bí agbára tí ẹ́ńjìnnì ń mú jáde bá jẹ́ 4.5 kilowatt, ẹ fi 9,550 lọ́po 4.5, kí ẹ pín in sí 3,000, torque rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ipá tó fi ń yí ọ̀pá, yóò sì jẹ́ nǹkan bí 14.3 newton-metre. Lórí ìlù, torque yìí di nǹkan bí 35.8, nítorí bí ìyípo bá ṣe dínkù ni torque ń pọ̀ sí i, bí a kò bá ka ìwọ̀nba tí bẹ́líìtì ń jẹ mọ́ ọn. Bí ìlù náà fúnra rẹ̀ bá fẹ̀ ní 200 mílímítà, etí rẹ̀ ń sáré ní nǹkan bí 12.6 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ipá tó fi ń ya gbágùúdá sì tó 358 newton. Iye tí ẹ bá wọ̀n fúnra yín lè yàtọ̀ sí èyí, tiyín sì ni kí ẹ lò.

Lẹ́yìn ìṣirò ni ìbéèrè tó ń mú ọgbọ́n wá. Kí ló dé tí wọ́n fi lo bẹ́líìtì, tí wọn kò lo ṣéènì? Bí òkúta tàbí ìdè irin bá já sínú ìlù, bẹ́líìtì á yọ̀, ẹ́ńjìnnì kò sì ní fara pa. Ó tún ń gba pé kí pulley méjèèjì má ṣe déédéé tán, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Kí ló dé tí bearing, ìyẹn ẹ̀yà tí ọ̀pá ń yí nínú rẹ̀, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pulley fi sábà ń kọ́kọ́ bàjẹ́? Bẹ́líìtì ń fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà gbogbo, omi gbágùúdá tó kan sì ń wọlé fọ gíríìsì rẹ̀ dànù. Fún bearing tó ní ọmọ róbótó nínú, bí ẹrù tó ń gbé bá di ìlọ́po méjì, ọjọ́ ayé rẹ̀ dínkù sí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń fún bẹ́líìtì le kọjá ààlà, tó rò pé òun ń ṣe ẹ̀rọ ní oore, fi ń pààrọ̀ bearing ṣáá. Kí ló dé tí irin ìlù náà fi ń jẹrà kíákíá? Omi gbágùúdá ní ásíìdì nínú, a sì máa jẹ irin tí kì í ṣe stainless steel, ìyẹn irin tí kì í tètè dípẹtà. Bí ẹ bá lè bá àwọn ìbéèrè mẹ́ta yìí dé gbòǹgbò, ẹ ti fọwọ́ kan ìmọ̀ nípa ipá, nípa ẹ̀yà ẹ̀rọ àti nípa irin, láìkúrò lẹ́yìn ilé yín.

Ohun tó kàn ni ọ̀rọ̀ ẹnu, ó sì dùn mí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà á sí. Ẹ kọ́kọ́ ṣàlàyé ẹ̀rọ náà fún ẹnì kan nínú ilé ní èdè abínibí yín, ìbáà ṣe Owé, Yàgbà, Ìjùmú tàbí Bùnú, láìlo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kankan. Ó rọrùn láti sọ pé “lubrication” kí a sì kọjá lọ; ṣùgbọ́n bí ìyá yín bá béèrè ohun tí gíríìsì ń ṣe gan-an, ẹ óò ní láti sọ pé ó ń wọ àárín irin méjì kí wọ́n má baà máa họ ara wọn, pé ó ń dínà mọ́ omi àti ìdọ̀tí, pé bí ó bá gbẹ, ooru á dé, irin á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara rẹ̀. Ẹni tó bá lè sọ èyí nílé, ohun tó ń sọ ti yé e. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tún un sọ ní Gẹ̀ẹ́sì, sókè ketekete, láàárín ìṣẹ́jú méjì, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi bi yín.

Ẹ tún mọ ilé-iṣẹ́ tí ẹ ń lọ. Ẹni tó ń gba ọ̀nà Kàbbà lọ sí Lọ́kọ́ja ń kọjá ní Obajana, níbi tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ǹtì, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ń kọjá láìbéèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Nínú ilé ìléru tó ń yí, níbi tí wọ́n ti ń sun òkúta ẹfun pẹ̀lú amọ̀, ohun tí wọ́n ń sun máa ń gbóná dé nǹkan bí 1,450 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ jẹ́ ká fi ìléru kan tó gùn ní 60 mítà ṣe àpẹẹrẹ: bí ara irin rẹ̀ bá fi 250 gbóná ju bó ṣe wà nígbà tó tutù lọ, yóò gùn sí i ní nǹkan bí 180 mílímítà, nítorí mítà irin kan ń fi mílímítà 0.012 gùn sí i fún gbogbo òṣùwọ̀n kan tó bá gbóná sí i. Bí wọ́n bá wá bi yín pé kí ló dé tí a kò lè de ìléru bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ pinpin ní gbogbo ibi tó ti fara ti, ẹ ti ní ìdáhùn àti iye tó gbè é lẹ́sẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ibi ìwakùsà irin ní Itakpe tàbí ọkọ̀ ojú irin tó ń ti ibẹ̀ lọ sí Warri ni ẹ ń wá iṣẹ́ sí, ọ̀nà kan náà ni kí ẹ gbà wádìí.

Bí wọ́n bá bi yín ní ohun tí ẹ kò mọ̀, ẹ má dákẹ́, ẹ má sì parọ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ gbà bí òótọ́ fún ìgbà díẹ̀, ẹ ya àwòrán rẹ̀ sórí ìwé pẹ̀lú ọfà ipá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa ṣírò níṣojú wọn. Ẹ ṣọ́ òṣùwọ̀n yín: ẹni tó gbàgbé láti yí mílímítà padà sí mítà lè rí ìdáhùn tó fi ìlọ́po ẹgbẹ̀rún ju òótọ́ lọ, bí kò bá sì fura sí i, wọ́n á mọ̀ pé kò lóye iye tó ń sọ.

Ọ̀ràn kan wà tó kan àwa tí wọ́n tọ́ dàgbà nílé wa. Wọ́n kọ́ wa pé ọmọdé kì í já àgbà nírọ́, mo sì fara mọ́ ẹ̀kọ́ náà. Ṣùgbọ́n nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, àgbà lè mọ̀ọ́mọ̀ sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, láti wo bóyá ẹ óò dúró lórí òtítọ́, nítorí ẹni tó bá ń gbà sí ọ̀gá lẹ́nu nípa ẹ̀rọ tó léwu lè pa ènìyàn. Ẹ dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀: ẹ ní, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, bí mo ṣe rí i nìyí,” kí ẹ sì fi ìṣirò yín hàn.

Ọ̀rọ̀ ewu yìí náà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá ní kí ẹ sọ bí ẹ óò ṣe tún ẹ̀rọ kan ṣe. Ẹ ó pa iná rẹ̀, ẹ ó fi àgádágodo ti ojú iná, ẹ ó kọ orúkọ yín kọ́ ọ, ẹ ó tú afẹ́fẹ́ tàbí epo tó ṣì ń ti ara rẹ̀ nínú páìpù sílẹ̀, ẹ ó sì gbìyànjú láti tàn án kí ẹ lè mọ̀ dájú pé ó ti kú. Lẹ́yìn èyí ni a ó tó mú sípánà. Mo ti rí ẹni tó mọ gbogbo ìyókù tí a kò gbà nítorí ó fi sípánà ṣáájú.

Ẹ ka CV yín bí ẹni tí kò mọ̀ yín. Gbogbo iṣẹ́ àkànṣe tó wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ lè sọ irin tí ẹ yàn, ìdí tí ẹ fi yàn án, ohun tó kọ́kọ́ bàjẹ́, àti èyí tí ọwọ́ yín gan-an ṣe nínú rẹ̀, torí “a ṣe é” kò tó. Ìwé àkọsílẹ̀ SIWES yín, ìyẹn ti ìgbà tí ẹ lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ nígbà tí ẹ wà nílé ẹ̀kọ́, á ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní ìdánwò oníṣirò ṣáájú, ẹ fi aago dán an wò nílé. Ẹ sì dé ìlú náà ní ọjọ́ kan ṣáájú bí ó bá jìnnà.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹ tó sùn, ẹ kọ gbogbo ìbéèrè tí wọ́n bi yín sílẹ̀, pàápàá èyí tí ẹ kò lè dáhùn, kí ẹ sì padà lọ bá ẹ̀rọ tí ẹ yàn, tàbí ẹni tó ń tún un ṣe, fún ìdáhùn. Ọ̀pá irin tó ṣẹ́ yẹn ni ìbéèrè àkọ́kọ́ nínú ìwé tèmi, ìdáhùn rẹ̀ sì gba ojú ìwé mẹ́ta.