Fíìmù tí yóò mú yín jókòó ti ìwé tí ẹ ń kọ

Fíìmù lè ti òǹkọ̀wé sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ó sì lè gba gbogbo alẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìwọ̀n ló ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹni tó bá wo odindi eré wákàtí méjì kó tó mú bíírò, oorun ni yóò gbé e lọ. Àmọ́ ẹni tó bá wo ìran kan péré, ìṣẹ́jú 3 sí 5, tó sì fa ìwé rẹ̀ mọ́ra lójú ẹsẹ̀, ara rẹ̀ á ṣì wà lọ́nà. Ìran kan ni kí ẹ mú. Ẹ fi ìyókù eré náà sílẹ̀ di ọjọ́ ìsinmi.

Eré tí ẹ ti wò rí ló dáa jù. Eré tuntun á máa tì yín lẹ́yìn pé kí ẹ mọ ibi tó ń lọ, ẹ ò sì ní lè pa á. Ẹ mú Àyìnlá tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 2021. Abẹ́òkúta níbí ni wọ́n ti pa Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà tí eré náà dá lé, ní 1980, ọ̀pọ̀ ará ìlú ló sì ti mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n jókòó wò ó. Kí ló dì wọ́n mú? Ẹ wá a nínú ìran tí ẹ bá mú: ta ló ń fẹ́ nǹkan, ta ló dí i lọ́nà? Bí ẹ bá ti dáhùn ìyẹn, ẹ bi ojú ìwé tí ẹ fẹ́ kọ lónìí ní ìbéèrè kan náà. Bí kò bá ní ìdáhùn, ibẹ̀ gan-an ni ọkàn yín ti ń ṣáko.

Ṣaworoidẹ náà (1999), tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Lápité kọ̀ láti gba gbẹ́rẹ́ tó yẹ kí ọba Jogbo gbà. Láti ìgbà yẹn ni olùwòran ti ń retí ìlù ṣaworoidẹ, èyí tó lè pa ọba tí kò gba gbẹ́rẹ́ bí wọ́n bá lù ú nígbà tó dé adé, gbogbo ohun tó kù nínú eré náà sì ń wọ́ lọ síbẹ̀. Ẹ kọ ohun tí òǹkàwé yín ń retí sórí páálí kékeré kan, gbólóhùn kan péré, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níwájú yín. Ohunkóhun tí kò bá sún mọ́ gbólóhùn yẹn, ẹ jẹ́ kó dọjọ́ mìíràn.

Lálẹ́ tó ṣáájú, ẹ wa eré náà sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà nígbà tí iná wà. Ẹ má wò ó tààrà lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ìpolówó á já a, eré mìíràn á sì bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ kọ ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá tí ìran náà ti bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ má baà máa wá a kiri láàárọ̀. Bí ilé yín bá wà lẹ́bàá títì Pánṣẹ́kẹ́ tàbí Lafẹ́nwá, aago márùn-ún ìdájí ni kí ẹ lò, kí ọkọ̀ àti ọ̀kadà tó gba ìlú.

Ẹ wo ìran náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ kàn wò ó, ẹ má kọ nǹkan kan. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ pa ohùn rẹ̀, kí ẹ kọ ohun márùn-ún tí ojú yín rí. Ẹ má kọ “inú ń bí i”. Ẹ kọ ọ́ pé ó ṣí fìlà, ó gbé e lé tábìlì, ó tún mú un, kò sì dé e mọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ dijú, kí ẹ fetí sí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú jù àti ibi tí gbogbo wọn ti dákẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé fóònù lọ sí yàrá mìíràn. Ẹ fi aago lásán ka ìṣẹ́jú 25, kí gbólóhùn àkọ́kọ́ sì ti wà lórí ìwé kí ìṣẹ́jú 2 tó pé. Ìtàn tiyín ni kí ẹ kọ o, kì í ṣe ti eré. Bí ọ̀rọ̀ bá gbẹ, ẹ tún gbólóhùn tó gbẹ̀yìn kọ, ẹ má padà sídìí fíìmù. Nígbà tí àkókò bá pé, ẹ dúró níbi tí ẹ ti mọ ohun tó kàn, kí ọ̀la má baà le.

Ohun tó sábà máa ń bàjẹ́ ni pé gbogbo ẹ̀dá ìtàn yín á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí òṣèré, òwe lórí òwe. Ohùn eré ló ti kún etí yín. Ẹ máa pa ohùn ìran tí ẹ bá ń wò fún ọ̀sẹ̀ kan. Òmíràn ni pé ojú ìwé á kún fún ìrìn àti ìwò, kò ní sí èrò ọkàn kankan. Kámẹ́rà kò lè wọ inú èèyàn, bíírò lè wọ̀ ọ́. Ẹ padà sí ibi méjì, kí ẹ fi ohun tí ẹni náà ń rò sí i.

Àwọn kan sì máa ń rẹ̀wẹ̀sì torí pé fíìmù dán ju ohun tí wọ́n kọ lọ. Ojú ìwé kan nínú ìwé eré sinimá máa ń tó ìṣẹ́jú kan lójú agbo. Bí ìṣẹ́jú 25 bá ti bí ojú ìwé kan, ẹ ti ṣiṣẹ́. Àwọn fíìmù tó dá lórí òǹkọ̀wé gan-an kò ranni lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀, lójú tiwa: orin díẹ̀, ìwé ti parí.

Tí iná bá lọ tí bátìrì sì kú, ẹ lọ sí Ìtòkú. Ẹ mú oníṣòwò àdìrẹ kan, kí ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5: bó ṣe ń tú aṣọ, bí oníbàárà ṣe ń fà á síta sínú oòrùn, tó ń yí i padà láti mọ̀ bóyá aró dé ẹ̀yìn. Ẹ kọ ohun márùn-ún, kí ẹ wá ibi ìjókòó, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ìṣẹ́jú 25 yín.