Ijó là ń wò ká tó sọ olórin lórúkọ

Àwọn tó fẹ́ dá lébẹ́ẹ̀lì orin ijó, iléeṣẹ́ tó ń gbé orin jáde, sílẹ̀ ní Ìlọrin níbí, ọ̀rọ̀ maikirofóònù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ẹni tó ń já orin sí mẹ́mórì fún àwọn ọlọ́kadà ní Ọjà Ọba, orúkọ ni wọ́n fi ń béèrè orin lọ́wọ́ rẹ̀. Bí olórin yín ò bá ní ìnagijẹ tó dùn-ún pè, inú fóònù yín lorin náà máa kú sí.

Ọ̀dọ̀ Fania ni mo ti kọ́ èyí. Ọdún 1964 ni Johnny Pacheco, olórin ọmọ Dominican, àti lọ́yà kan, Jerry Masucci, dá Fania, lébẹ́ẹ̀lì salsa, orin ijó àwọn tó ń sọ èdè Spanish, sílẹ̀ ní New York. Búùtù mọ́tò ni wọ́n fi ń kó àwo kiri ṣọ́ọ̀bù. Orin kan nínú àwo àkọ́kọ́ wọn ló ń jẹ́ Fania. Wọn ò wá orúkọ lébẹ́ẹ̀lì lọ síbòmíì. Ẹ̀yin náà, ẹ wo inú orin tí ẹ ti ní kẹ́ ẹ tó máa to "Global" mọ́ "Empire".

Ní ti olórin, ẹ bẹ̀rẹ̀ nílé. Ernesto lorúkọ Tito Puente, onílù àti olórin ijó ní New York. Ernestito, ìyẹn Ernesto kékeré, ni wọ́n ń pè é nílé. Wọ́n gé orí rẹ̀ dànù, ó ku Tito. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ignacio ṣe di Nacho lédè Spanish, tí Rosario di Charo: ahọ́n ọmọdé ló lọ́ wọn. Ṣebí àwa náà la sọ Abdulraheem di Ràímì? Ẹ lọ bá ìyá olórin yín, ẹ bi í léèrè ohun tí àbúrò olórin náà ń pè é nígbà tí àbúrò ọ̀hún ò tíì mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Oríkì náà dáa, àmọ́ Àrẹ̀mú pọ̀ nígboro. Ẹ so nǹkan mọ́ ọn.

Bí ilé ò bá mú nǹkan wá, ẹ wo ohun tó ń fi ara rẹ̀ ṣe. Ray Barretto, onílù kóńgà, Manos Duras ni wọ́n ń pè é, Ọwọ́ Líle. Akọrin salsa Héctor Pérez di Lavoe, láti ara la voz, ìyẹn ohùn lédè Spanish. Bó ṣe ń jáde lẹ́nu ni wọ́n kọ ọ́, wọn ò wo ìwé. Torí náà, ẹ kọ tiyín bí ọmọ Ìlọrin ṣe máa tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù. Willie Colón, olórin salsa mìíràn, ní tirẹ̀ fi El Malo, Ẹni Burúkú, sórí àwo rẹ̀ ní 1967, kò sì tíì pé ọmọ ọdún 18. Ó bá New York mu. Níbí, ta ló máa pe Ẹni Burúkú wá ṣeré níbi wòlímọ̀ ọmọ rẹ̀?

Ìdánwò tó kù, Pacheco ò lè bá yín ṣe é. Ẹ gbé orúkọ náà fún onígángan, kó lù ú láìfẹnu sọ ọ́. Ràímì ń balẹ̀, ó ń gòkè, ó tún ń balẹ̀. Ìyá arúgbó tó jókòó lẹ́yìn máa gbọ́ ọ. Orúkọ tí ohùn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ìlù kì í lè yà á sọ́tọ̀. Bí àwọn tó wà lójú agbo ò bá mọ ẹni tí ìlù ń pè, ẹ jù ú nù, bó ti wù kó dùn létí yín tó.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá a lórí YouTube àti Audiomack bóyá ẹlòmíì ti ń jẹ́ ẹ. Ẹ forúkọ lébẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀. Kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sínú àdéhùn, ẹni tó máa ni ìnagijẹ náà bí ọmọ náà bá kúrò lọ́dọ̀ yín. Èmi máa ń jẹ́ kó mú un lọ. Àbúrò rẹ̀ ló ṣáà sọ ọ́.